Màmá Ti Gbé Ẹ̀rọ Rẹ̀ Lọ

[Fóònù ń dún. Télọ̀ ló pè. Oníbúrẹ́dì, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, ló gbé e.]

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ̀lóò, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kú—

TÉLỌ̀: Káàárọ̀. Ṣé dáadáa ni? Ọmọ ńkọ́? Ọkọ ẹ ńkọ́? Ààrò búrẹ́dì ńkọ́?

ONÍBÚRẸ́DÌ: A dúpẹ́. Ààrò ń gbóná, ọkọ mi náà ń gbóná, ọmọ nìkan lara ẹ̀ balẹ̀ nínú wa.

TÉLỌ̀: Oṣù ti parí, àsìkò ìpè wa ti tó, mo ní kí n tètè pè ẹ́ kí kọ́sítómà tó kún ṣọ́ọ̀bù. Ìròyìn tọ̀dọ̀ wa ò pọ̀. Àkọ́bí mi ti yege ìdánwò ẹ̀. Ìyá ọkọ mi ra ajá, wọ́n ń bá a wí tàárọ̀-tàárọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ wí.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ṣé ajá náà ń fèsì?

TÉLỌ̀: Ó gbọ́n jù wá lọ, kì í fèsì. Dírẹ́bà náà wà. Ó ní— Ṣé o gbọ́ mi?

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ohùn yín ń já. Ẹ ní Dírẹ́bà sọ pé kí ni?

TÉLỌ̀: Kí ló dé tí ara ẹ ò balẹ̀? Ṣé Dírẹ́bà kì í ṣe àbúrò àwọn ìyá wa mọ́ ni?

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ara mi balẹ̀.

[Ọmọ ọwọ́ ń ké lọ́dọ̀ Oníbúrẹ́dì. Ohùn obìnrin àgbàlagbà kan ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.]

TÉLỌ̀: Ìyá mi nìyẹn?

ONÍBÚRẸ́DÌ: Àwọn ni. Wọ́n ní kí n kí yín.

TÉLỌ̀: Ìgbà wo ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀? Wọn ò tíì mọ̀ pé èmi ni mo pè.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà.

TÉLỌ̀: Ó dáa. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn láàárọ̀ yìí, mo fẹ́ lọ mú aṣọ kan. Mo ṣèèṣì wo igun tí ẹ̀rọ ìránṣọ Màmá máa ń wà. Eruku yí ibẹ̀ ká, àárín ẹ̀ ń dán. Ojú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ nìkan ló kù nílẹ̀. Mo pe ọkọ mi. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ ni, pé Dírẹ́bà ti wá gbé e lọ́jọ́ tí mo lọ ra òwú, pé Màmá ló rán an. Ibo ló gbé e lọ?

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ jẹ́ n bọ́ síta, nẹ́tíwọ́ọ̀kì—

TÉLỌ̀: Dúró níbi tó o wà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe nǹkan kan.

[Ọmọ dákẹ́. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ láti yàrá kejì.]

TÉLỌ̀: Mo mọ ìró yẹn. Òun ni mo fi ń sùn nígbà tí mo wà lọ́mọdé.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ọ̀dọ̀ wa ló wà. Sorry, ẹ má bínú.

TÉLỌ̀: Ta ló ní mò ń bínú? Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lo ní kí wọ́n fi wá bá ẹ tọ́jú ọmọ. Ọmọ ti ń jókòó, ó ti fẹ́ máa rá, ẹni tó wá tọ́jú ẹ̀ ò padà. Ó tún wá ń ránṣẹ́ sílé pé kí wọ́n máa kó ẹrù òun bọ̀. Bí obìnrin ṣe ń kó kúrò nílé ọkọ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé.

TÉLỌ̀: Kí ni mi ò ṣe fún ìyá mi? Yàrá tí ìmọ́lẹ̀ ń wọ̀ jù nínú ilé, àwọn ni mo fún. Mo ra àga onítìmùtìmù. Wọ́n ní tẹlifíṣọ̀n tiwọn lọ́tọ̀. Ife omi, wọn kì í dìde lọ gbé e. Mo ní, Màmá, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jókòó. Ìwọ, kí lo fún wọn? Ooru ààrò àti ọmọ ẹlẹ́kún.

[Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn lọ́dọ̀ Télọ̀.]

TÉLỌ̀: Ẹ wọlé, ẹ jókòó, mò ń bọ̀. Kì í ṣe ìwọ. Máa sọ̀rọ̀.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Mò ń gbọ́ ẹ.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, èmi náà ṣe bíi tiyín. Mo ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Bí ọmọ bá ti sùn, wọ́n á máa wo ògiri. Ó yà mí lẹ́nu, torí Màmá tí mo mọ̀, ọwọ́ wọn kì í dilẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ̀ kalẹ̀ síbi tí a ti ń po fúláwà, mo bá wọn níbẹ̀. Wọ́n dúró ti ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi, ọkùnrin gíga tí à ń pè ní Àkàbà. Aṣọ tó so mọ́ra kí fúláwà má bà á jẹ́ ti ya láti ìbàdí. Wọ́n ní kó bọ́ ọ. Wọ́n béèrè abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi. Èyí tí a fi ń rán ẹnu àpò nìkan ni mo ní. Ẹ̀gbọ́n mi, abẹ́rẹ́ gbàǹgbà yẹn ni wọ́n fi rán an, ẹ ò ní mọ ibi tó ti ya. Àkàbà wọ̀ ọ́, ó ń yípo bí ìyàwó tuntun. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbé aṣọ tó ya wá láti ilé. Àwọn tí tiwọn ò ya, mo rò pé ṣe ni wọ́n lọ fà á ya.

TÉLỌ̀: [Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì.] Má pa mí lẹ́rìn-ín. Mò ń bínú.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ ní ẹ ò bínú.

TÉLỌ̀: Mo ti ń bínú báyìí. Máa bá ọ̀rọ̀ ẹ lọ.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ibẹ̀ ni wọ́n ti ní ọwọ́ lásán ò tó, àwọn fẹ́ ẹ̀rọ àwọn. Mo ní kí n pè yín. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní bí ẹ bá gbọ́, ẹ máa ní kí àwọn sinmi. Wọ́n fúnra wọn pe Dírẹ́bà. Nígbà tó gbé e dé, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n nù ún, wọ́n kán epo sí i, wọn ò rántí oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tó dún, orin ló bọ́ sí wọn lẹ́nu. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, omijé ń bọ́ lójú mi. Gbogbo àdúgbò ló ti mọ̀ wọ́n báyìí. Ẹni tó ń bọ̀ wá ra búrẹ́dì á gbé ṣòkòtò dání.

TÉLỌ̀: Wọ́n kọrin?

ONÍBÚRẸ́DÌ: Wọ́n kọrin.

TÉLỌ̀: Wọn ò kọrin nílé mi rí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ọ̀dọ̀ mi, mi ò gbọ́ ọ rí. Ìwọ ni wọ́n wá ń kọrin fún.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Kì í ṣe èmi ni wọ́n—

TÉLỌ̀: Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tá a wà ní kékeré, bí ìyá ẹ bá ti lọ síbi iṣẹ́, orí itan ìyá mi lo máa ń wà. Èmi á wà nílẹ̀, màá máa ṣa òwú. Bí mo bá sún mọ́ wọn, wọ́n á ní èmi ti dàgbà, kí n jẹ́ kí àbúrò mi jókòó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dàgbà, àbúrò mi ò tíì dìde.

[Ìlà ń já.]

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Mo wà níbí.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ tèmi náà. Kò sí aṣọ tí Màmá máa rán níbí tí wọn ò ní dárúkọ yín sí. Wọ́n á ní, ọmọ mi ì bá ti gé èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí mo bá yan búrẹ́dì tí ẹnu gbogbo ayé ń yìn, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á ní ó dùn, pé ọmọ àwọn náà mọ búrẹ́dì tó dáa í rà. Ẹ̀gbọ́n mi, rírà lásán lẹ ra búrẹ́dì. Èmi ni mo yan án. Wọn ò lè yìn mí tán kí wọ́n má fi tiyín lé e. Ṣé ẹ rò pé igi ni mí ni?

TÉLỌ̀: Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ojoojúmọ́. Ó ti sú mi. I'm serious.

[Ẹ̀rọ dúró. Ìró ẹsẹ̀ ń sún mọ́ tòsí.]

MÀMÁ: Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ tó o fi ń ju apá bẹ́ẹ̀?

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ̀gbọ́n mi ni, Màmá.

MÀMÁ: Tẹ ibi tí gbogbo wa á ti máa gbọ́ ọ.

TÉLỌ̀: Ẹ káàárọ̀, mà.

MÀMÁ: Káàárọ̀, ọmọ mi. O ti rí i pé ẹ̀rọ ò sí níbẹ̀.

TÉLỌ̀: Mo ti rí i, mà.

MÀMÁ: Mo fẹ́ sọ fún ẹ, ojú ń tì mí. O ra àga fún mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ẹni tó ra àga fún mi pé ìjókòó ti sú mi?

TÉLỌ̀: Ẹ̀ bá sọ ọ́, Màmá.

MÀMÁ: Mo sọ. Mo ní kí n bá ẹ ká ẹnu ṣòkòtò, o ní kí n sinmi. Mo ní kí n bá ẹ to òwú, o ní àwọn ọmọṣẹ́ wà. Èmi tí mo kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ di àlejò nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ. Ò ń fi mí han kọ́sítómà bí ẹni ń fi fọ́tò hàn.

[Télọ̀ fa àga, ó jókòó.]

MÀMÁ: Ṣé o gbọ́ mi?

TÉLỌ̀: Mo gbọ́ yín, mà. Mo rò pé ìtọ́jú nìyẹn.

MÀMÁ: Ìtọ́jú ni. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá ẹ jà. Mo kàn gbé ẹ̀rọ mi lọ.

TÉLỌ̀: Ẹ padà wá. Iṣẹ́ wà níbí náà.

MÀMÁ: Má ṣẹ̀dá iṣẹ́ fún mi. Èmi kì í ṣe ọmọdé tí wọ́n ń fún ní àkísà pé kó máa fi ṣeré.

TÉLỌ̀: Mi ò ṣẹ̀dá ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní kí n rán ṣẹ́ẹ̀tì fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Mo ti gé e, mo ti rán an, ihò bọ́tìnì ló kù. Wọ́n ní ọwọ́ làwọn fẹ́ kí n fi ṣe é. Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ mi ò mọ ihò bọ́tìnì.

MÀMÁ: Kò mọ̀ ọ́n rí. Tìẹ máa ń yanu bí ẹja.

TÉLỌ̀: Mò ń gbé e fún ẹnìkan ṣe.

MÀMÁ: Ta ni?

TÉLỌ̀: Onífìlà tó wà ní òdìkejì títì.

MÀMÁ: Onífìlà. Láti ìgbà wo?

TÉLỌ̀: Ó ti pẹ́ díẹ̀, mà.

MÀMÁ: Mo wà nínú ilé. Mo jókòó sórí àga. O gbé ihò bọ́tìnì kọjá níwájú mi lọ bá Onífìlà?

TÉLỌ̀: Mi ò fẹ́ kí ojú máa dùn yín nídìí iṣẹ́ ni.

MÀMÁ: Onífìlà tí òwú ẹ̀ máa ń ta kókó bí irun tí wọn ò yà. Òwú wo tiẹ̀ ló ń lò?

TÉLỌ̀: Èyí tó bá ti rí.

MÀMÁ: Èyí tó bá ti rí. [Ó mí kanlẹ̀.] Lọ gba àwọn ṣẹ́ẹ̀tì yẹn padà lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí. Kó má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Màá ní kí Dírẹ́bà wá gbé mi.

TÉLỌ̀: Ẹ máa padà wá?

MÀMÁ: Màá wá ni mo wí, mi ò ní màá padà. Ẹ̀rọ mi dúró síbí. Àwọn èèyàn ti mọ ẹnu ọ̀nà mi. Màá lo oṣù kan lọ́dọ̀ ẹ fún iṣẹ́ ọwọ́, màá lo èyí tó tẹ̀ lé e níbí fún iṣẹ́ ẹ̀rọ. Àga yẹn, gbé e fún ọkọ ẹ.

TÉLỌ̀: Màmá, ó dùn mí. Èmi nìkan ni mo fẹ́ ní yín.

MÀMÁ: Mo mọ̀, ọmọ mi. Èmi náà, èmi nìkan ni mo fẹ́ máa ṣe ihò bọ́tìnì ẹ. Wo bí Onífìlà ṣe ká mi lára.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Màmá, ìgbà wo lẹ fẹ́ lọ? Ọmọ yìí kì í sùn lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ṣòkòtò àwọn èèyàn kún gbogbo orí àga mi.

TÉLỌ̀: Àbúrò mi, wọ́n ti sọ̀rọ̀.

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ̀yin lẹ mú wọn sọ ọ́. Ẹ fi Onífìlà mú wọn.

TÉLỌ̀: Ìwọ ńkọ́, tó o fi Àkàbà mú wọn?

MÀMÁ: Mo wà níbí o, tí ẹ ń gé mi bí búrẹ́dì.

TÉLỌ̀: Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ òótọ́ lónìí. Nínú èmi àti òun—

ONÍBÚRẸ́DÌ: Ẹ sọ ọ́, Màmá. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti fẹ́ gbọ́ ọ.

[Ìlà ń já, ó padà bọ̀.]

MÀMÁ: Ó dáa. Ẹ dákẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ dáadáa, mi ò ní wí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí mo—

[Ìpè já.]