Òjò Àkọ́rọ̀ àti Òrùlé Ẹfúnbọ̀wálé

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tó ń tẹ fóònù, fi í pamọ́, baba ńlá rẹ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọkàn balẹ̀ gbin iṣu, Balógun Ọdẹ́jìnmí, ẹni tó tẹ agbo ilé wa yìí dó, ló ń ṣáájú ogun ìlú, òun náà ló sì ń pàṣẹ láàárín ìlú. Ó le. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó le púpọ̀. Bí ó bá ń kọjá, àwọn àgbààgbà á gbé ọ̀rọ̀ mì.

Ní ọdún kan, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó gbọ́ pé àwọn ọ̀tá ń bọ̀. Iná ni wọ́n fi ń jà. Wọ́n á ju ògùṣọ̀ sórí òrùlé koríko, ìlú á gbiná, àwọn èèyàn á sá jáde, wọ́n á sì kó wọn lẹ́rú. Ọdẹ́jìnmí ní kí gbogbo ilé ṣí koríko orí wọn, kí wọ́n kó o dà sẹ́yìn odi. Ta ló máa gbà? Wọ́n ní orí Balógun ti dàrú. Ó gun òrùlé ìyá rẹ̀, Ẹfúnbọ̀wálé, arúgbó tí ara rẹ̀ kò yá, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i kanlẹ̀. Nígbà tí ìlú rí i, wọ́n ṣí tiwọn, tèpè tèpè.

Àfi bí òjò àkọ́rọ̀ ṣe dé lójijì. Ó rọ̀, ó rọ̀, ó rọ̀ sórí ọmọdé, ó rọ̀ sórí arúgbó.

“Bàbá àgbà, ṣé kò lè fi ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀ ni?”

O ṣeun, Mopélọ́lá. Ohun tí wọ́n ṣì fi ń bú u nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó bá fi ti ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ta ni kò ní ìyá nínú ìlú? Òrùlé kan ṣoṣo tó kù, iná á ríbi jókòó sí.

Ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀ ló dúró sí nínú òjò yẹn. Ojú ń tì í láti wọlé bá a. Ni ìyá bá pè é: “Ọdẹ́jìnmí, wọlé, òjò ń pa ọ́.” Inú yàrá tí kò lórùlé ló ti ń pè é o. Ó wọlé, ó dì mọ́ ọn, wọ́n jọ ń gbọ̀n. Kò pẹ́ tí òtútù náà fi mú ìyá lọ.

Ẹkún kò tíì tán nígbà tí oòrùn padà mú, tí ọ̀tá sì dé. Wọ́n ju ògùṣọ̀ títí ó fi sú wọn. Ilẹ̀ lásán ni iná ń bọ́ sí, ibẹ̀ ló ń kú sí. Àwọn èèyàn wa jáde, wọ́n lé wọn kọjá odò. Ẹnì kan kò lọ lẹ́rú. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síwájú mi yìí, ọmọ àwọn tí kò lọ ni yín.

Àwọn ará ilé òdìkejì ṣì ń sọ pé ó pa ìyá rẹ̀. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń fi í yangàn níbikíbi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dúró lágbàlá láìdé fìlà bí àkọ́rọ̀ bá ń rọ̀, tí ẹ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Olórí ilé wa kò gbọdọ̀ wọlé títí obìnrin tó dàgbà jù nínú agbo ilé á fi pè é. Lọ́dún yìí, Ìyá Àgbà kò rántí orúkọ mi mọ́. Ó wò mí títí, mo rò pé mo máa sùn síta ni. Ló bá nawọ́ sí mi: “Wọlé, ọmọ mi, òjò ń pa ọ́.”