Táyà Àyẹ̀wò

Lórí ìlà àyẹ̀wò ọkọ̀ ní Iléṣà ni mo ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ọ̀gá ilé iṣẹ́ tírélà kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ "Ààbò Ló Ṣe Kókó" sí lẹ́yìn, àti awakọ̀ rẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tí tírélà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege.

"Bàbá, ẹ tètè tú àwọn táyà tuntun yẹn. Ọkọ̀ wa kejì ń retí wọn níta, òun ló kàn."

"Táyà wo ni kí èmi wá fi lọ Ìmẹ̀sí-Ilé?"

"Ti tẹ́lẹ̀ náà ni."

"Èyí tó ti pá bí orí mi yìí?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ìwé ti jáde pé ọkọ̀ yín ò léwu."

"Ẹ bá mi so ìwé náà mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, bóyá á di ilẹ̀ mú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè."

"Ṣé ẹ̀yin náà ń bẹ̀rù ni? Awakọ̀ bíi tiyín!"

"Mo ń bẹ̀rù, ọ̀gá. Ó yá, ẹ wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ká jọ lọ."

"Èmi kẹ̀? Wọ́n ń retí mi ní Òṣogbo. Èmi ni mo fẹ́ bá àwọn ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ààbò ojú pópó."

Bàbá gbé jáàkì sílẹ̀, ó sì jókòó lé e.

"Ẹ kí wọn. Èmi àti táyà yìí la jọ wọlé, àwa náà la ó jọ jáde."