Ìlà Pupa Ara Ilé Ẹ̀rọ Omi

Alága, ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, àti gbogbo ará àdúgbò tó kún gbọ̀ngàn yìí, ẹ gbà mí láyè. Èmi ni ọ̀gá ọ́fíìsì tó ń sọ ibi tí a lè kọ́lé sí nílùú yìí, ibi tí ọjà máa wà, àti ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé. Ẹ ní kí n wá sọ bóyá ó yẹ kí a fàyè gba ilé kíkọ́ lórí ìyókù ilẹ̀ etí odò. Ọ̀rọ̀ dídùn ni mo múra sílẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Òótọ́ tí mo gbé mì nígbà tí ẹ kọ́kọ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn ti há mi lọ́fun, bí mi ò bá bì í lónìí, òun ló máa pa mí.

Gbogbo yín mọ̀ pé mo ń gbé níbẹ̀. Ẹ̀rùn ni mo ra ilẹ̀ náà, nígbà tí mo ṣì kéré lẹ́nu iṣẹ́, ó gbẹ, ó tẹ́jú, inú mi dùn. Mo kọ́lé, mo gbé ìyàwó mi wọlé. Òjò àkọ́kọ́ ló là mí lójú: omi wá bá wa lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbé ilẹ̀ ilé sókè sí i, mo sì panu mọ́. Ìgbà tí mo di ọ̀gá ni ẹ gbé àbá yín dé, pé kí ilẹ̀ etí odò di ilẹ̀ koríko, kí a sì wó ilé tó bá wà níbẹ̀. Ilé mi ló wà níwájú pátápátá. Èmi kan náà ni ẹ ní kí n wá sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín, àbí ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ di ẹyẹ bà lé okùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ ẹyẹ.

Ní ọ́fíìsì wa, bí omi bá ti fà, a máa ń fi ọ̀dà pupa fa ìlà sára ògiri ilé ẹ̀rọ omi, níbi tó kún dé. Ẹ ní ẹ fẹ́ wá fojú yín rí i. Àmọ́ àkókò òjò ni, mọ́tò yín ò lè kọjá nínú ẹrẹ̀, ẹ bá ní kí a dúró dìgbà tí ọ̀nà bá gbẹ. Ẹ má bínú, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Omi ò jẹ́ kí ẹ dé ibẹ̀, ẹ wá ń dúró kó gbẹ kí ẹ lè wò ó bóyá omi ń dé ibẹ̀. Kí ẹ tó dé, mo sọ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀rọ pé àlejò ń bọ̀, ó yẹ kí ògiri mọ́. Ó ní mo ṣeun. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kun ògiri náà ní funfun, mo fi bo àwọn ìlà pupa mọ́lẹ̀. Èmi àgbà òfìfo yìí náà ni.

Lọ́jọ́ ìjókòó yẹn, wẹ́dà kan tó ń jó irin, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé ẹ̀rọ omi, dìde nínú gbọ̀ngàn yìí. Ó ní òun mọ ìlà kan lára ògiri yẹn, àyà òun ló dé. Gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní kó lọ fi hàn wá. Ẹ tẹ̀ lé e lọ, ẹ bá ògiri funfun, ẹ sì ń bi í léèrè bóyá ó ti mu nǹkan láàárọ̀. Kò bá yín jà. Èmi ló wò. “Ọ̀gá,” ó ní, “ẹ̀yin náà ń sùn níbẹ̀.” Ẹ nawọ́, àbá yín àtijọ́ ṣubú, apá tiwa nínú ilẹ̀ etí odò di ilẹ̀ ilé. Wẹ́dà kó irin rẹ̀ kúrò ládùúgbò, ìtìjú ò jẹ́ kó lè gbé ibẹ̀ mọ́.

Mo rò pé mo ti bọ́. Irọ́ ni. Bí mo bá kó jáde, ẹ máa bi mí pé kí ni mo rí. Bí mo bá tà á, mo ta ẹlòmíì sínú omi. Bí òjò bá ṣú báyìí, mo ti ń gbé nǹkan sórí tábìlì, ìyàwó mi á ní mo ń sá fún òjò ju ewúrẹ́ lọ. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín.

Èyí tó burú jù nìyí. Onídìrí tó ń ṣe irun ìyàwó mi wá sílé wa. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ilẹ̀,” ó ní. “Màmá mi ò lè rìn mọ́. Ṣé kí n kọ́lé síbí?” Ìyàwó mi dúró tì wá, ó ń retí kí n dáhùn. Ǹ bá ti sọ pé rárá, ẹnu mi ò gbà á. “Kọ́ ọ,” ni mo wí. “Ṣé o ò rí wa níbí ni?” Ó kọ́ ọ. Lọ́dún tó kọjá, omi dé nígbà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi àtàwọn aládùúgbò la já fèrèsé. Bẹ́ẹ̀dì ti léfòó, ìyá ti ṣubú sómi, ẹ̀mí ti bọ́. Ọmọ dé, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbìyànjú. Mo gba ọpẹ́ náà. Mo ní kó dìde, pé bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ni.

Onídìrí, mo rí ọ níbẹ̀ yẹn. Mi ò ní kí o dárí jì mí lónìí, mi ò tó bẹ́ẹ̀. Wẹ́dà, níbikíbi tó bá wà, ẹ bá mi sọ fún un pé òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wa, tí wọ́n bá ní kí ẹ pín ilẹ̀ tí tiyín wà nínú rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ sọ pé tiyín wà níbẹ̀, kí ẹ sì jókòó kí ẹlòmíì pín in. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ má nawọ́ fún àbá yìí, ẹ kó àwọn èèyàn jáde kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ wó ilé, ẹ ti orí tèmi bẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi, ìwọ lo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn. Má bínú pé àárín èrò lo ti ń gbọ́ ọ. Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ nílé, o máa bẹ̀ mí pé kí n dákẹ́, mo sì mọ ara mi, mo máa dákẹ́.