Wọ́n Jágbe Mọ́ Mi

Mo ń dúró kí wọ́n po ọ̀dà géètì mi ní ìsọ̀ ọlọ́dà kan ní bọ́sítọ́ọ̀pù Coconut nígbà tí ìyá kan wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, tí pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ọlọ́dà, wọ́n jágbe mọ́ mi!"

"Ah ah, mọ́mì, ta ló jágbe mọ́ yín?"

"Bàbá àwọn ọmọ mi ni! Àtìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ní wáàfù, inú yàrá ni wọ́n ń jókòó sí. Bí mo bá kí wọn, wọ́n á kàn mirí ni, wọn kì í sọ̀rọ̀. Píkáàpù wọn wá ń dógùn-ún lẹ́yìnkùlé. Ìyẹn ni mo ṣe ra pọ́tì lọ́wọ́ ẹ lọ́jọ́sí."

"Ṣé ó mú dáadáa?"

"Orí ibi tó dógùn-ún náà ni mo kàn lẹ̀ ẹ́ mọ́. Àfi bí mo ṣe gbóhùn wọn lójú fèrèsé: 'Ìwọ obìnrin yìí, o ò kọ́kọ́ ha á kó o tó lẹ pọ́tì? Ṣé o fẹ́ ba mọ́tò mi jẹ́ ni?' Ni wọ́n bá jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, wọ́n já irin pọ́tì gbà lọ́wọ́ mi. Wọ́n jágbe mọ́ mi, ọmọ mi!"

Bó ṣe ń sọ ọ́, ẹ óò rò pé aṣọ tuntun ni wọ́n rà fún un.

"A dúpẹ́ o. Àwọ̀ wo ni kí n wá pò fún yín?"

"Ọ̀dà kẹ̀? Sánpépà ni wọ́n rán mi. Wọ́n ní gbogbo ohun tí mo ṣe pátá, ká ha á kúrò. Jọ̀ọ́, ṣe kíá. Ìta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ni wọ́n ti ń dúró dè mí."