Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Àgbọ̀nrín

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi pariwo ògo fún Ẹni tó di ẹ̀jẹ̀ mú nínú iṣan kó má ṣàn tán! Halelúyà!

Ẹ má bínú tí ohùn mi ò bá ròkè. Àwọn tó jẹ́rìí ṣáájú mi jó wá síwájú. Èmi rìn ni. Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ ló ti rẹ̀ mí, àárẹ̀ náà ò sì tíì kúrò lára mi tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó rẹ̀ náà ní ẹnu tó lè fi dúpẹ́. Olúwa, ẹ ṣé o.

Dàre lorúkọ mi. Inísà ni mò ń gbé, mo ń lẹ táyà lẹ́bàá gáréèjì. Ìwé mi ò pọ̀, torí náà bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ kan síbi tí kò yẹ, ẹ bá mi gbé e síbi tó yẹ.

Ọdẹ ni bàbá wa tó ti lọ. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Rẹ̀mí, la jogún ìbọn ṣakabùlà wọn. Bọ̀dá Rẹ̀mí ti pa àgbọ̀nrín rí. Èmi ò pa ju ọ̀kẹ́rẹ́ lọ. Jìmọ́, tá a jọ ń dẹ̀gbẹ́, ló sọ mí ní Ọdẹ Ọ̀kẹ́rẹ́. Tó bá gbé táyà ọ̀kadà ẹ̀ wá, á ní, “Ọdẹ Ọ̀kẹ́rẹ́, rọra o, táyà yìí tóbi ju ohun tó o lè pa lọ!” Màá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko bá ti gbẹ, àwa ọdẹ máa ń kóra jọ dẹ̀gbẹ́ lọ́sàn-án nínú igbó tó wà láàárín Inísà àti Òkukù. A máa ń pín sí méjì. Àwọn kan á gba òdìkejì wọ inú igbó, tàwọn tajá, wọ́n á máa pariwo, wọ́n á máa lu koríko kí ẹran lè sá jáde. Àwọn tó níbọn á dúró sẹ́nu igbó. Bàbá Ọdẹ, olórí wa, á wá fi ìdí ìbọn wọn fa ìlà sílẹ̀ níbi ẹsẹ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní, “Iwájú ìlà yìí, èèyàn ló wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ìlà, pápá tó ṣófo ni. Ẹran tó bá ń bọ̀ wá bá ẹ, má yìn ín. Jẹ́ kó kọjá ẹ. Tó bá kọjá tán, yíjú padà, kó o wá ṣe ohun tó o fẹ́ ṣe.”

Kì í ṣe pé mi ò gbọ́ o. Mo gbọ́. Mo tiẹ̀ dáhùn pé, “Ó ti yé mi, bàbá.”

Lọ́jọ́ náà, Bọ̀dá Rẹ̀mí gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Àbúrò, gbà. Jìmọ́ máa wá orúkọ míì fún ẹ lónìí.” Àwọn fúnra wọn wá bá àwọn tó ń lé ẹran lọ.

Oòrùn mú. Mò ń gbọ́ ariwo wọn bọ̀ látọ̀ọ́kán. Nígbà tó yá, ariwo tó wà lápá ọ̀tún ṣì ń lọ, ṣùgbọ́n ọ̀kánkán mi pa lọ́lọ́. Mo rò ó lọ́kàn mi pé kò sẹ́ni níbẹ̀. Ni àgbọ̀nrín bá yọ. Akọ ni, tòun tìwo. Ó dúró, ó ń wò mí. Ẹ̀yin ará, mo rí i kedere bí mo ṣe ń rí àga iwájú yẹn. Mo mọ̀ pé tí mo bá jẹ́ kó kọjá mi, ọ̀dọ̀ Jìmọ́, tó dúró nítòsí mi tòun tìbọn, ló máa yà sí. Jìmọ́ ló máa pa á.

Mo wo ẹran. Mi ò wo ẹ̀yìn ẹran. Mo yìnbọn.

Àgbọ̀nrín ṣubú. Mo fò sókè. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú mi dùn. Inú dídùn yẹn ni mo ṣì wà tí mo fi gbọ́ ohùn kan láti inú koríko tó wà lẹ́yìn ẹran.

“Yéè! Dàre, ṣé ìwọ ni?”

Bọ̀dá Rẹ̀mí ni. Ẹ̀gún ló gún wọn lẹ́sẹ̀. Wọ́n dákẹ́ ariwo, wọ́n dúró kí wọ́n lè yọ ọ́. Ọta ṣakabùlà kì í sì í lọ lójú kan, ṣe ló máa ń fọ́n. Ẹran gba tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi gba ìyókù sí itan.

Jìmọ́ ló wa ọ̀kadà. A fi Bọ̀dá Rẹ̀mí sáàárín, mo dì wọ́n mú látẹ̀yìn títí a fi dé ilé ìwòsàn ní Ìkìrun. Ẹ̀jẹ̀ wọn ń gbóná lára mi. Jìmọ́ ò fi orúkọ kankan pè mí lọ́jọ́ náà.

Dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ó ní, “Ta ló yìnbọn?” Mo ní èmi ni, sà. Ó ní, “Ọta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú itan ẹ̀. Tó bá fi lè sún báyìí, ẹ̀jẹ̀ máa tán lára ẹ̀. A máa la ibẹ̀ yọ ọ́, àmọ́ mi ò lè ṣèlérí fún yín.” Wọn ò tíì gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tí àwọn ọlọ́pàá fi dé. Wọ́n mú mi lọ.

Ìyá wa wá bá mi ní àgọ́ ọlọ́pàá. Sìlípáàsì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọn ò mọ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi létí.

“Dàre, ọmọ méjì ni mo bí. Méjèèjì ò gbọdọ̀ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n ẹ ló kúrò láyè ẹ̀, pé òun ló bọ́ síwájú ìbọn. Kò ní bínú. Tó bá jí, èmi ni màá bẹ̀ ẹ́.”

Mo ní, “Màmá, tí wọn ò bá jí ńkọ́?”

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rù ń bà mí o, ẹ má rò pé mo gbóyà. Ṣùgbọ́n tí wọn ò bá jí, ọmọ Bọ̀dá Rẹ̀mí á máa gbọ́ títí ayé pé àìgbọràn ló pa bàbá òun. Àìgbọràn ló kúkú fẹ́ pa wọ́n lóòótọ́. Àìgbọràn tèmi ni.

Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ẹ ló ṣìnà, àbí?”

Mo ní, “Rárá, sà. Ibi tó yẹ kí wọ́n wà ni wọ́n wà. Èmi ni mo yìnbọn síbi tí Bàbá Ọdẹ ní kí n má yìn ín sí.”

Ó gbé bírò sílẹ̀. “O mọ̀ pé tí ọkùnrin yẹn bá kú, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ yìí ló máa gbé ẹ lọ?”

“Mo mọ̀, sà.”

Ìyá wa bú sẹ́kún. Mi ò lókun àdúrà gígùn. Mo kàn ń sọ pé, “Olúwa, ẹ di iṣan yẹn mú.” Màá sùn lọ lórí ẹ̀, màá jí, màá tún máa sọ ọ́.

Ẹ yin Olúwa! Mo ní kẹ́ ẹ yin Olúwa! Ìyá wa padà sí ilé ìwòsàn, dókítà jáde sí wọn, ó ní, “Màmá, a ti yọ ọ́. Kò kan iṣan. Ẹsẹ̀ yẹn á máa tiro díẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa rìn.” Ẹ ṣé, Jésù. Ẹ ṣé, Bàbá.

Nígbà tí Bọ̀dá Rẹ̀mí lè sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá lọ bá wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní, “Ẹran ló yìn, èmi ni mo wà lẹ́yìn ẹran. Mi ò bá a ṣẹjọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ kó wá máa pọnmi fún mi, ó ti rẹ ìyàwó mi.” Bí wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gba ìbọn bàbá wa. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wọlé tọ̀ wọ́n lọ, mi ò lè wo ojú wọn. Wọ́n ní, “Màmá sọ fún mi ohun tí wọ́n ní kó o sọ.” Wọ́n ní, “Wọ́n sì sọ fún mi pé o ò sọ ọ́.” Wọ́n wá ní, “Gbé omi yẹn fún mi.”

Ẹ̀ẹ̀rùn yìí, Bàbá Ọdẹ yá mi ní ìbọn. Mo ní mi ò lọ. Bọ̀dá Rẹ̀mí ló lé mi jáde. “Lọ! Tó o bá jókòó sílé, èmi ni wọ́n á máa wò pé mo dá ẹ dúró.” Bàbá Ọdẹ fa ìlà sí mi lẹ́sẹ̀. Wọn ò sọ nǹkan kan lórí ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Àgbọ̀nrín yọ, ẹ̀yin ará. Ó kọjú sí mi. Ọ̀kánkán tún pa lọ́lọ́. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, koríko nìkan ni mo rí. Mi ò mọ̀ bóyá èèyàn wà níbẹ̀. Torí pé mi ò mọ̀ ni mo ṣe sọ ìbọn kalẹ̀. Ó fò kọjá mi, ó ti wọ igbó kejì kí n tó yíjú padà.

Jìmọ́ pariwo, “Dàre! Ṣé o kí i ni? Ṣé ó dáhùn?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi dúró, mò ń wo àwọn tó ń lé ẹran bí wọ́n ṣe ń jáde látinú koríko lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn pé.

Nígbà tí mo délé, Bọ̀dá Rẹ̀mí wà lórí àga níwájú ilé, wọ́n na ẹsẹ̀ yẹn. “Kí lo pa?”

“Mi ò pa nǹkan kan, bọ̀dá mi.”

Wọ́n ní, “Ọlọ́run ṣeun.”

Ẹ̀rí mi nìyẹn. Ìwọ tó jẹ́ pé ọwọ́ ara ẹ lo fi fa wàhálà tó o wà nínú ẹ̀, tó ń rẹ̀ ẹ́ bó ṣe rẹ̀ mí, má purọ́ kún un. Ọlọ́run tó ṣàánú mi ò tíì lọ ibì kankan. Bọ̀dá Rẹ̀mí ló jókòó sẹ́yìn lọ́hùn-ún, nítòsí ilẹ̀kùn, nítorí ẹsẹ̀ wọn. Ẹ yíjú padà, ẹ bá mi wò wọ́n. Wọ́n wà níbẹ̀. Ògo!