Àyà Òkúta Sá Wọ Balùwẹ̀

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

ÀPÍNKẸ́: Hẹ́lò?

NÍYÌ: Àǹtí mi, ẹ káàsán, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà àwọn oníbàárà, ilé ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́—

ÀPÍNKẸ́: Níyìolúwa, mo wà ní káńtà. Gbogbo Dùgbẹ̀ ló rọ́ wá sí báǹkì wa lónìí. Kí ló ṣẹlẹ̀?

NÍYÌ: Kò sí nǹkan kan. Mo kàn ní kí n kí ẹ̀gbọ́n mi ni.

ÀPÍNKẸ́: Kí ló dé tí o ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?

NÍYÌ: Mo wà ní balùwẹ̀.

ÀPÍNKẸ́: O jókòó sí ilé ìyàgbẹ́ lo wá rántí mi?

NÍYÌ: Mi ò jókòó. Mo dúró ni. Inú baàfù. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ra.

ÀPÍNKẸ́: Olè?!

NÍYÌ: Ká ní olè ni, à bá dúpẹ́. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, tí zobo bá dà sára aṣọ funfun, kí ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́?

ÀPÍNKẸ́: Aṣọ funfun ta ni?

NÍYÌ: Ti ìyá àgbà kan.

ÀPÍNKẸ́: Ìyá àgbà wo? Níyì? Ṣé o gbọ́ mi?

NÍYÌ: [ohùn ń já] ...Mofẹ́... Moni...

ÀPÍNKẸ́: Ṣé o gbọ́ mi? Mo ní ìyá àgbà wo?

NÍYÌ: Ìyá ìyá Mofẹ́olúwa! Màmá Moniya!

ÀPÍNKẸ́: Èyí tó ń bọ̀ wá wò ọ́ lọ́jọ́ Àìkú? Tó ní òun ò ní fọwọ́ sí i kí o fẹ́ ọmọ òun, àfi tí òun bá fojú ara òun rí ọ?

NÍYÌ: Wọn ò dúró dọjọ́ Àìkú. Wọ́n sì ti rí mi. Wọ́n rí mi dáadáa.

ÀPÍNKẸ́: Kí lo ṣe, Níyì?

NÍYÌ: Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ẹ mọ̀ pé mo ní shánẹ́ẹ̀lì—

ÀPÍNKẸ́: "Àyà Òkúta." Gbogbo Bódìjà ló mọ̀. Ọ̀mọ̀wé nínú físíìsì, tó ń bá iwin inú géèmù jà lọ́sàn-án gangan.

NÍYÌ: Ẹ ṣé, Mà. Lónìí, mò ń ka àwọn ibi tó bani lẹ́rù jù nínú géèmù. Láífù ni. Mo sì ń bú wọn níkọ̀ọ̀kan. Ibi tí èèyàn ti sá wọ kọ́bọ́ọ̀dù, tó wá rí i pé ẹnìkan ti sá síbẹ̀ ṣáájú òun, mo ní eré ọmọdé ni. Ibi tí òjìji inú dígí ti pẹ́ kó tó yíjú padà, mo ní kí wọ́n lọ ra dígí tuntun. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mò ń mu zobo.

ÀPÍNKẸ́: Pẹ̀lú ìgbéraga.

NÍYÌ: Pẹ̀lú straw. Ó wá ku èyí tó lé iwájú. Ilé ìwòsàn àtijọ́ kan ni. Èèyàn á máa rìn lọ nínú kọ́rídọ̀, ìyá arúgbó kan tó wọ funfun á dúró lọ́ọ̀ọ́kán. Kì í sáré. Kì í pariwo. Tí èèyàn bá ti gbójú kúrò, á súnmọ́ díẹ̀. Orin á wá dákẹ́. Ọwọ́ á wá ba èèyàn léjìká.

ÀPÍNKẸ́: Olúwa mi o. Èyí ni o fi ń sinmi?

NÍYÌ: Mò ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń wò pé ọpọlọ ló ń tan ara rẹ̀ jẹ. Pé ẹni tó bá kàwé, kò yẹ kó—

ÀPÍNKẸ́: Níyì, má sọ fún mi pé—

NÍYÌ: Ọwọ́ bà mí léjìká.

ÀPÍNKẸ́: Yéè!

NÍYÌ: Ọwọ́ gidi. Ó tutù. Mo yíjú. Ìyá arúgbó! Funfun láti orí dé ẹsẹ̀! Ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ni wọ́n ti ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ò mọ̀!

ÀPÍNKẸ́: Kí lo wá ṣe?

NÍYÌ: Mo kí wọn.

ÀPÍNKẸ́: Níyì.

NÍYÌ: Mo lọgun. Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ta ló rán ọ sí mi?" Mo da zobo lù wọ́n.

ÀPÍNKẸ́: O da—

NÍYÌ: Àǹtí mi, ìgbà tí zobo yẹn wá ń ṣàn lára aṣọ funfun, wọ́n wá jọ èyí tó wà nínú tẹlifíṣọ̀n gẹ́lẹ́! Ni mo bá fo àga. Mò ń sá, mò ń fèdè fọ̀. Èmi ọmọ Áńgílíkà!

ÀPÍNKẸ́: [ẹ̀rín] Dúró... dúró, ikùn mi... Madam, ẹ má bínú, mò ń dá yín lóhùn, ọ̀rọ̀ ilé ni.

NÍYÌ: Ẹ má rẹ́rìn-ín. Orúnkún mi gbá mọ́ etí baàfù.

ÀPÍNKẸ́: Ta ló ṣílẹ̀kùn fún wọn?

NÍYÌ: Mofẹ́ ni. Inú balùwẹ̀ yìí ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ka àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀. Ó fún wọn ní kọ́kọ́rọ́, ó ní kí wọ́n wọlé máa sinmi, ó yà sí ọjà lọ ra ata. Á tó dé báyìí. Headphone ló dí mi létí, mi ò gbọ́ nǹkan kan.

ÀPÍNKẸ́: Láífù náà ńkọ́?

NÍYÌ: Láífù wo?

ÀPÍNKẸ́: O ní o wà lórí láífù. Ṣé o pa á kí o tó sá?

[Omi ń kán.]

NÍYÌ: Àǹtí mi.

ÀPÍNKẸ́: Jẹ́ kí n fi fóònù mi kejì wò ó. Ó ń ṣí... ó ń ṣí... Háà!

NÍYÌ: Kí lẹ rí?

ÀPÍNKẸ́: Màmá jókòó sórí àga rẹ.

NÍYÌ: Mo gbé!

ÀPÍNKẸ́: Wọ́n ń fi ìborùn nu zobo. Wọ́n tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n... Níyì, wọ́n ń bá iwin yẹn sọ̀rọ̀.

NÍYÌ: Kí ni wọ́n ń wí?

ÀPÍNKẸ́: "Ìwọ yìí ló fi mí pè? Mo gbà pé mo darúgbó. Ṣùgbọ́n irú imú wo nìyí?"

NÍYÌ: Àwọn tó ń wò ńkọ́? Kí ni wọ́n ń kọ?

ÀPÍNKẸ́: Ṣé kí n kà á?

NÍYÌ: Ẹ má kà á.

ÀPÍNKẸ́: "Àyà Òkúta ti di Àyà Ẹ̀kọ." Ẹlòmíràn ní kí Màmá kúkú máa ṣe ètò náà lọ. Wọ́n sì ń pọ̀ sí i o.

NÍYÌ: Ó tán. Àǹtí mi, ẹ gbọ́, mo ti rí ọ̀nà kan. Ẹ bá mi bẹ Màmá. Ẹ ní eré ni. Skit. Ẹ ní mo ti gbèrò ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

ÀPÍNKẸ́: Kí n parọ́ fún ìyá àgbà?

NÍYÌ: Irọ́ kékeré! Mofẹ́ gbà pé ẹ̀rù kì í bà mí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé ní Agbowó ni mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ru ọ̀rọ̀ ọ̀hún kiri bí ẹni ru àpò sìmẹ́ńtì. Tó bá gbọ́ pé mo sá fún ìyá àgbà òun—

[Ilẹ̀kùn: kó, kó, kó.]

MÀMÁ: [láti òde] Ẹni tó wà nínú ibẹ̀ yẹn.

NÍYÌ: Mà!

MÀMÁ: Ta lò ń bá sọ̀rọ̀?

NÍYÌ: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, Mà.

MÀMÁ: Gbé e fún mi.

[Ilẹ̀kùn dún díẹ̀. Fóònù bọ́ láti ọwọ́ kan sí ìkejì. Ilẹ̀kùn tún padé kíá.]

ÀPÍNKẸ́: Ẹ káàsán, Mà! Àpínkẹ́ ni, Mà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀.

MÀMÁ: Níbo?

ÀPÍNKẸ́: Ní báǹkì, Mà. Lẹ́yìn káńtà. Àwọn oníbàárà ń wá mi.

MÀMÁ: Dìde, ọmọ mi.

ÀPÍNKẸ́: N ò ní dìde, Mà. Ẹ forí jì wá. Ẹ má fi ṣe ìbínú. Eré ni Níyì ń ṣe, Mà. Níwájú kámẹ́rà, á ṣe bí ẹni pé ẹ̀rù bà á—

MÀMÁ: Eré ni?

ÀPÍNKẸ́: Eré ni, Mà.

MÀMÁ: Ẹ̀rù ò bà á?

ÀPÍNKẸ́: Rárá o! Níyì ò bẹ̀rù nǹkan kan láyé, Mà.

MÀMÁ: Ó ti bàjẹ́ nìyẹn.

ÀPÍNKẸ́: Mà? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

MÀMÁ: Mo gbọ́ ọ. Ohun tó gbé mi kúrò ní Moniya lo sọ yẹn. Mofẹ́ ní òun rí ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù. Láti ọjọ́ náà, oorun ò kùn mí. Irú ẹ̀ ni ọkọ tèmi. Ẹ̀jẹ̀ ń ru, ó ní òun ò bẹ̀rù. Ẹsẹ̀ ń wú, ó ní kí n yé pariwo. Ìgbà tí a máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá Mofẹ́ ò tíì kúrò nílé ìwé nígbà náà.

ÀPÍNKẸ́: Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà.

MÀMÁ: Ìgbà tí ọmọ yìí lọgun, tó fo àga bí ewúrẹ́ tó jẹ èlùbọ́ onílé, aṣọ mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, èyí, tí nǹkan bá ṣe é, á ké. Ìwọ wá ní eré ni. Bó bá jẹ́ eré ni, n óò mú ọmọ mi lọ.

ÀPÍNKẸ́: Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù fún un! Ìṣẹ́jú kan péré!

MÀMÁ: Àyà Òkúta, gbà.

[Ilẹ̀kùn. Fóònù kan nǹkan.]

NÍYÌ: Ṣé wọ́n gbà pé eré ni?

ÀPÍNKẸ́: Wọ́n gbà. Ìyẹn gan-an ló bà á jẹ́! Níyì, Màmá ò fẹ́ ọkùnrin tí kì í bẹ̀rù. Irú ẹ̀ ni wọ́n sin. Sọ fún Mofẹ́ pé ẹ̀rù bà ọ́, níṣojú wọn.

NÍYÌ: Pé ẹ̀rù bà mí? Ní gbangba?

ÀPÍNKẸ́: Bẹ́ẹ̀ ni.

NÍYÌ: Ṣé mi ò lè sọ pé ó yà mí lẹ́nu díẹ̀?

ÀPÍNKẸ́: Níyì!

[Ilẹ̀kùn iwájú ṣí. Ọ̀rá ń dún.]

MOFẸ́: [lókèèrè] Màmá, ata ti wọ́n jù, mo— Yéè! Ẹ̀jẹ̀ kí nìyí?

MÀMÁ: Zobo ni. Bi ọ̀rẹ́ rẹ. Ó wà níbẹ̀ yẹn.

NÍYÌ: Ó ti dé. Àǹtí mi, ó ti dé. Kámẹ́rà sì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á gbọ́ ohùn mi dé pálọ̀!

ÀPÍNKẸ́: Jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Ta lo fẹ́ fẹ́ nínú wọn? Ṣé o gbọ́ mi?

NÍYÌ: Mo gbọ́.

[Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí.]

MOFẸ́: Níyì, kí lò ń ṣe nínú baàfù?

NÍYÌ: Mofẹ́. Ṣé o rí i, tí ìmọ́lẹ̀ bá kọ lu nǹkan funfun, ojú máa ń—

ÀPÍNKẸ́: [ó ń pariwo] Níyìolúwa!

NÍYÌ: Ẹ̀rù bà mí.

MOFẸ́: Kí lo wí?

NÍYÌ: Ẹ̀rù bà mí. Mo rí Màmá, mo rò pé iwin ni, mo da zobo lù wọ́n, mo sá. Kì í ṣe tòní nìkan. Gbogbo géèmù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Nítorí ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, mi ò lè ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tèmi. Aṣọ orí okùn ni mò ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí.

MOFẸ́: Mo mọ̀.

NÍYÌ: O mọ̀?

MOFẸ́: Tí wọ́n bá mú iná lọ, ta ló máa ń ní kí n ṣáájú òun lọ tan jẹnẹrétọ̀?

[Ẹ̀rín, ti ìyá àgbà ló ròkè jù.]

NÍYÌ: Ẹ dákun, Mà. Mo dọ̀bálẹ̀.

MÀMÁ: Kúrò nínú omi, òtútù á mú ọ. Gbé fóònù yẹn wá. Àpínkẹ́!

ÀPÍNKẸ́: Mà!

MÀMÁ: Irọ́ tí o pa fún mi ńkọ́?

ÀPÍNKẸ́: Mo tọrọ àforíjì, Mà.

MÀMÁ: Mo ti gbọ́. Ọjọ́ wo làwọn òbí yín máa ráyè wá mọ̀ wá ní Moniya?

ÀPÍNKẸ́: Ọjọ́ tó bá wù yín, Mà! Ọ̀la pàápàá! Mà? Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní ọ̀la, Mà, ọ̀la da—

[Ìpè já.]