Obì Ìsọmọlórúkọ Tí N Kò Ní Jẹ

Ọmọ-ọmọ mi àkọ́kọ́ ti dé ilé ayé ní Tẹ̀dé. Ó yẹ kí inú mi máa dùn ṣìnkìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àna mi rán sí mi kò jẹ́. Ó ní bí n kò bá ní jẹ obì ìsọmọlórúkọ, kí n jókòó sí Ìsẹ́yìn mi. Èmi, bàbá tó bí ìyá ọmọ! Nítorí obì!

Ẹ má rò pé mo kórìíra obì o. Ìfẹ́ àfẹ́jù ló dá a sílẹ̀. Aṣọ òfì ni mò ń hun. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wọ ìlú, iṣẹ́ ya bò wá, mo wá ń fi gbànja lé oorun. Awẹ́ kan láàárọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kò pẹ́ tí gbànja fi di oúnjẹ mi. Iyán á tutù, n ó ní obì ti tó mi. Bí n kò bá rí i jẹ, orí á máa fọ́ mi, n ó máa kanra mọ́ ọmọ. Bí mo bá jẹ ẹ́, oorun á kọ̀, àyà mi á máa lù kìkì. Ọwọ́ mi wá ń gbọ̀n nídìí òfì, òwú ń já, àwọn oníbàárà ń dá aṣọ padà. Dókítà kan ní Ṣakí ló là á mọ́lẹ̀ fún mi: "Bàbá, obì yìí ni. Ẹ mú ọ̀kan, òun tàbí ẹ̀mí yín."

Mo mú ẹ̀mí mi. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣeé fẹnu sọ! Mo bínú sí ewúrẹ́, mo bínú sí òjò. Ìyàwó mi ló gbọ́n jù mí lọ: ó kó orín àtá sídìí òfì, ó ní ẹnu tí rírún ti mọ́ lára kò gbọdọ̀ ṣófo. Mò ń rún orín, mò ń mu omi, mò ń jẹun lásìkò. Ìgbà kan ni mo tọ́ obì wò níbi òkú, mo ní kí ni awẹ́ kan lè ṣe? Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá mi lọ́dọ̀ Háúsá olóbì. Mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, mo sì borí. Ẹ wá wo ọwọ́ mi lónìí, kò gbọ̀n mọ́!

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé níjọ́ ìdána Àjọkẹ́, ọmọ mi, mo gba obì wọn tọwọ́tẹsẹ̀, mo ṣàdúrà sí i, mo sì gbé e fún àbúrò mi kó jẹ ẹ́. Bàbá ọkọ rẹ̀, àna tó ránṣẹ́ sí mi yìí, dìde: "Bàbá Àjọkẹ́, ṣé ẹ ò fẹ́ wa ni? Ta ní í ṣàdúrà sí obì tí kì í fi kan ẹnu?" Mo ṣàlàyé títí, wọ́n ní àwáwí ni. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀rọ̀ àna, ẹ bá mi wá èyí tí mo lè fi tù wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí n jẹ awẹ́ kan péré kí ọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ má wá ní kí n tún padà jìn sí i. Èmi ń lọ sí Tẹ̀dé ní tèmi. Bí wọ́n bá ní ìta ni kí n jókòó sí, n ó jókòó síta. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí ọmọ yẹn dàgbà, kó máa bi mí pé, "Bàbá àgbà, kí ló dé tí ẹ ò jẹ obì mi?" ju kí wọ́n máa sọ fún un pé bàbá àgbà rẹ̀ jẹ obì náà, ó sì kú.